Ìpẹ́ Àrọ̀

Kò sí ẹni tí Ràṣídátù kò tíì sọ ọ́ fún ní àdúgbò wọn ní Ìbà. Ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke omi kiri, ó sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá mú ọmọ wá kí ó wọn híjáàbù iléèwé fún un. Bí ẹ bá dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ béèrè ni o, ẹ kò béèrè ni o.

"Ìpẹ́ ẹja ni Sherif mi gbé lọ sí Malaysia. Ìpẹ́ ẹja lásán! Ó dé ọ̀hún tán, wọ́n ní ìpẹ́ akika ni. Àwọn tí kò rí akika rí, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Wọ́n ṣi ọmọ mi mú ni, ẹ̀yin èèyàn."

Yóò fi etí ìbòrí nu ojú, yóò sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ta ni yóò bá a jiyàn? Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run sì fún un. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń kọ lóminú, àmín ni wọ́n ń ṣe sí àdúrà rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ yóò dé ẹnu ibodè.

Sherif kì í ṣe ọmọ burúkú, ká sọ tòótọ́. Iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló kọ́ ní Alábà, ó sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí, bí wọ́n bá ti fọ́, ààtàn ni ilé wọn. Kò sí ẹni tó ń gbé wọn wá fún àtúnṣe mọ́. Bó ṣe di ẹni tí Alhaji Àsánì ń rán níṣẹ́ nìyẹn. Lọ bá mi gba ẹrù ní Òkòkòmáíkò. Lọ bá mi rí lágbájá ní Ìjanikin. Ọjọ́ wá dé tí iṣẹ́ kan ré òkun kọjá. Wọ́n ṣí báàgì rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ọ̀hún, ìpẹ́ akika, ẹranko igbó tí ìpẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀, ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ti jọ panu pọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà láti ìlú kan sí ìkejì. Láti ọjọ́ náà ló ti wà látìmọ́lé. Bí wọ́n bá gbà á láyè kó pe ilé, gbólóhùn kan náà ló ń sọ: "Ìyá mi, mi ò mọ̀. Ìpẹ́ ẹja ni wọ́n pè é fún mi." Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀, kò ní fèsì.

Alhaji Àsánì ní òun kò mọ̀ sí i. Ó búra pé àjèjì kan ní Òkòkòmáíkò ló gbé ẹrù náà lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn òun, Ràṣídátù sì gbà á gbọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ọ̀rẹ́ àtàtà ni Àsánì àti bàbá Sherif láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń wa ọkọ̀ kan náà lójú omi Ọ̀jọ́. Bàbá Sherif kú, Àsánì là. Ó wá ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Alábà Rago tó ti ń ta awọ àti ìwo ẹran, ó lọ sí Mẹ́kà, ó yọ ikùn. Síbẹ̀ kò gbàgbé opó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun ló gba lọ́yà fún Sherif lọ́hùn-ún, òun ló ń gbé ìrẹsì wá lóṣù àwẹ̀. Ẹni a bá lábà ni baba, Ràṣídátù kò sì ní baba mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò ló wọ̀. Ó ní Victoria lorúkọ òun, pé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó ni òun ti wá, àti pé ọ̀rọ̀ Sherif ló gbé òun wá. Ràṣídátù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin ìpẹ́ ẹja rẹ̀, Victoria sì jókòó, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ìyẹn nìkan ti tó kí Ràṣídátù fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ parí.

"Akika wà lọ́dọ̀ àwọn náà rí, mà," ni Victoria wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí àwọn oníṣòwò yìí pa tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni wọ́n wá kọjú sí tiwa. Wọ́n ti yẹ ìpẹ́ yẹn wò. Ti akika ni, kì í ṣe ẹja."

Ó fi àwòrán ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ hàn án lórí fóònù. Ràṣídátù wò ó. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ akika. Nígbà tó wà lọ́mọdé lábúlé wọn lápá Ìmẹ̀kọ, bàbá rẹ̀ gbé ọ̀kan ti oko dé nírọ̀lẹ́. Kò yìnbọn, kò dẹ pàkúté. Ẹranko náà rí i, ó ká ara rẹ̀ jọ rìbìtì bó ṣe máa ń ṣe bí ẹkùn bá ń bọ̀, bàbá sì bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á nílẹ̀ bí ẹni ṣa àgbọn. Ìgbà tó tú ara ká nínú agbọ̀n ni wọ́n rí ọmọ láàárín rẹ̀. Ọmọ ló ká mọ́. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà dùn, kò sí ẹni tó rántí pé ìyá kan ló wà nínú rẹ̀.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" ni Ràṣídátù béèrè.

"Ẹ wò ó, mà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á mú ẹni tó gbé ẹrù lọ́hùn-ún, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ẹni tó ni ẹrù á wà níbí, á tún rán ẹlòmíràn. Òfin tiwọn ò lè wọ ilẹ̀ wa, tiwa ò lè wọ tiwọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní báyìí, ìjọba méjèèjì ti jọ fọwọ́ síwèé. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀rí tí ẹnìkan bá jẹ́ níbí, kọ́ọ̀tù tiwọn á gbọ́ ọ lórí fídíò. Wọ́n ti rí ohùn kan nínú WhatsApp Sherif. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀?"

Ó tẹ fóònù. Ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ jáde.

"Sherif, ọmọ mi. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ẹnu ibodè, ìpẹ́ àrọ̀ ni o. Ṣó o gbọ́? Ìpẹ́ àrọ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ni ohùn Sherif, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ rín, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú kó tó dé ẹnu. "Ìpẹ́ àrọ̀! Ó ti yé mi, sà."

"Bàbá yẹn ò tiẹ̀ mọ ẹja tó yẹ kó fi parọ́," ni Victoria wí, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́ kan lára."

Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan àrọ̀ rí mọ̀ pé ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́ ni. Victoria rò pé àṣìsọ ni. Ohun tí kò lè mọ̀ láéláé ni bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nínú ilé tó jókòó sí yìí. Bàbá Sherif ló dá a sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá pa ìtàn tí kò jọ òótọ́ fún un létí omi, yóò na ọwọ́ sí i, yóò ní, "Ìpẹ́ àrọ̀ rèé o, ẹ wá rà á." Bí Sherif bá pẹ́ dé láti ilé kéwú, tó wá ń sọ pé ààfáà ló dá àwọn dúró, bàbá rẹ̀ yóò bi í pé, "Ìpẹ́ àrọ̀ mélòó lo kó dé?" Ọmọ náà yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò sì jẹ́wọ́ pé bọ́ọ̀lù lòun ń gbá. Ẹni kan ṣoṣo tí kì í ṣe ará ilé tó mọ ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ni ẹni tí òun àti bàbá Sherif jọ ń wa ọkọ̀ kan náà.

Nítorí náà, Ràṣídátù kò gbọ́ ẹja nínú ohùn yẹn rárá. Ohun tó gbọ́ ni Àsánì tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, irọ́ tí a ó pa nìyí. Ó sì gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín, tó ní irọ́ náà ti yé òun. Sherif mọ̀. Gbogbo oṣù tí òun fi ń sunkún kiri àdúgbò, Sherif mọ̀.

Ó di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Victoria béèrè bóyá kó bu omi wá.

"Ohùn ọmọ mi ni èkejì yẹn," ni Ràṣídátù wí.

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Ràṣídátù ń ká aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ. Victoria kò fúngun mọ́ ọn. Ó ní òun kò ní tàn án jẹ. Ó ní ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù lọ́hùn-ún, ọkùnrin Yorùbá kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, kọ ohùn náà sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ: ìpẹ́ ẹja àrọ̀. Inú lọ́yà Sherif sì ń dùn, nítorí ó fi hàn pé wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ẹja ni.

"Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, mà, ó jọ pé wọ́n á tú u sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà pé ó mọ̀, ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún ni. Wọ́n lè dín in kù fún un bó bá dárúkọ ẹni tó rán an, àmọ́ ó kọ̀, kò dárúkọ. Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, òfin ò fipá mú yín. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí."

"Ẹ jẹ́ kí n ronú," ni Ràṣídátù wí. Kí ló tún kù láti rò? Ó ti gbọ́ ọ báyìí pé kó kàn dákẹ́, ọmọ òun yóò wálé. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú Sherif, kò sí ohun tó tún bẹ Ọlọ́run fún ju èyí lọ. Nígbà tí Victoria jáde tán, ó tẹ́ ẹní, ó kírun, ó sì dúpẹ́. Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yin náà yóò dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji Àsánì dé, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbé páálí mílíìkì tẹ̀lé e, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jáde.

"Ìyàwó wa, kú ìrọ́jú," ni Àsánì wí. "Lọ́yà pè mí. Wọ́n ní obìnrin ìjọba kan wá síbí."

"Ó wá, Alhaji."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má sọ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yẹn ló máa mú Sherif wálé. Ìpẹ́ ẹja ni wọ́n kọ, ìpẹ́ ẹja náà ni kó máa jẹ́."

Ràṣídátù ń wo ẹnu rẹ̀. Ohùn tó jáde nínú fóònù àná ló tún ń jáde lẹ́nu yìí. "Ẹ̀yin ni mo gbọ́, Alhaji. Ẹ búra fún mi, àmọ́ ẹ̀yin ni mo gbọ́."

Àsánì bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn Sherif o. Òun ló gbé e lọ sílé kéwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí èjìká ló sì gbé e sí. Èèyàn lè fẹ́ràn ọmọ kó sì rán an wọ inú iná, bí iná náà bá ti jìnnà sí ojú rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí ọmọ náà rọ́wọ́ mú ni," ló wí. "Àìmọye ìgbà ni nǹkan yẹn ti ń lọ tí kò sí wàhálà. Kádàrá ni ó fa tirẹ̀. Ẹran igbó lásán ni, Ìyá Sherif, kì í ṣe pé a pààyàn. Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tìẹ ni kó o wò."

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sójú ibi tó ń dun Ràṣídátù ni. Ó mi orí. Ó sún páálí mílíìkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àsánì dìde, ó dé fìlà. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Zulaikha, ọmọge tó ń di irun, tí yàrá ìyá rẹ̀ kọjú sí ti Ràṣídátù. Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ káàsán sà, Alhaji. Páásípọ́ọ̀tù mi ti jáde o!"

Àsánì wúkọ́. "Ó dáa, ó dáa. A máa sọ ọ́." Kò wẹ̀yìn tó fi wọ mọ́tò rẹ̀.

Ràṣídátù pe Zulaikha wọlé. Ó béèrè ibi tó ń gbé páásípọ́ọ̀tù lọ.

"Malaysia kan náà ni o, Mọ̀mí Sherif! Alhaji ló ń bá mi ṣe visa. Wọ́n ní irun dídì ń lọ gan-an lọ́hùn-ún. Mo kàn máa bá wọn gbé ẹrù díẹ̀ dání ni."

"Ẹrù wo?"

"Ìpẹ́ ẹja."

"Zulaikha! Ojú ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sherif ni?"

"Mo rí i nà. Àmọ́ ṣebí wọ́n ṣì í mú ni? Alhaji ní àwọn ti ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀, wọ́n ti wá mọ̀ pé ìpẹ́ ẹja ni. Ẹrù tèmi á ní ìwé."

"Ta ló sọ fún ọ pé ìpẹ́ ẹja ni Sherif gbé?"

Zulaikha wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo wa."

Ẹ̀rù ba Ràṣídátù débi pé ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò ní adùn kankan nínú. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ó ní kó má lọ. Ó ní irọ́ lòun pa, pé òun kò mọ̀ pé irọ́ ni, pé akika ni, pé Sherif gan-an mọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú Zulaikha yí padà. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ̀mí Sherif, mò ń bá yín gbàdúrà lójoojúmọ́. Ṣé torí pé ọmọ tiyín wà látìmọ́lé ni èmi náà ò fi ní lọ síbì kankan?"

Ó jáde. Kò sí àrífín nínú ohùn rẹ̀, ó dùn ún ni. Ràṣídátù jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ki aṣọ bọ ẹnu abẹ́rẹ́, kò sì rán an. Gbogbo ẹkún rẹ̀, gbogbo àlàyé rẹ̀ fún ọlọ́mọlanke àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, òun ni Àsánì kó jọ, tó fi ń ki ọmọ ọlọ́mọ láyà. Bí Àsánì bá polongo ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò lè tà á tó bí òun ṣe bá a tà á. Bí Zulaikha bá sì gbọ́ràn tí kò lọ, ta ni yóò sọ fún ọmọ tí wọn yóò tún wá lẹ́yìn rẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òun wá wà lọ́jà, òun gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ.

Kó tó di pé wọ́n pe ìrun alásàárì, ó ti pe Victoria. Gbólóhùn tó sọ kò gùn. "Ẹ sọ fún wọn pé mo máa sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ló sunkún, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà wà ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí Navy Town. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ńlá kan síwájú rẹ̀. Victoria jókòó lẹ́bàá ògiri. Ràṣídátù wọ láàsì funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé Kùránì, ó búra. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Sherif nínú ẹ̀rọ náà, nínú àpótí onígi kan, láàárín ọlọ́pàá méjì. Ó ti rù. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, nítorí ó rò pé ó wá gba òun sílẹ̀ ni. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ràṣídátù.

Wọ́n tẹ ohùn náà kí gbogbo kọ́ọ̀tù gbọ́. Ògbufọ̀ lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, béèrè pé ṣé ìyá mọ àwọn tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ni ọmọ mi, Sherif. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Alhaji Àsánì, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Alábà Rago."

Victoria dìde, ó mú fóònù jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ti sọ fún Ràṣídátù tẹ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn òun ti dúró sítòsí ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n fura sí, orúkọ ẹni tó ni ẹrù nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Sherif ti dorí kodò.

Lọ́yà Sherif dìde wàyí, ó ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ògbufọ̀ tú ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ìyá, lọ́yà ọmọ yín ń béèrè pé, ṣé òótọ́ ni pé ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún ọmọ yín ni pé ìpẹ́ ẹja ni?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti dárúkọ Àsánì, kí ló tún kù? Àmọ́ bó bá jẹ́ ìpẹ́ ẹja ni Sherif gbọ́, ìpẹ́ ẹja náà ni Àsánì yóò ní òun sọ, wọn yóò sì fi òun náà sílẹ̀ lọ́la kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Okùn kan náà ló so àwọn méjèèjì. Kò sí bí ẹnìkan ṣe lè tú ọ̀kan kó má tú èkejì. Ràṣídátù wo ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó gbójú sókè, kò gbójú sókè.

"Àrọ̀ kò ní ìpẹ́," ló wí. "Nínú ilé wa, ìpẹ́ àrọ̀ kì í ṣe ẹja. Irọ́ ni. Ọkọ mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá parọ́ fún un, á ní ìpẹ́ àrọ̀ lẹ kó wá."

Ògbufọ̀ tú u. Lọ́yà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì, bi í ní ìbéèrè kan, ọ̀kan ṣoṣo.

"Ó ní, ṣé ọmọ yín mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe rẹ́rìn-ín." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún adájọ́ pé kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àgbà ló rán an. Àmọ́ ó mọ̀."

Bí wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ náà tán ni Sherif pòórá nínú ẹ̀rọ. Àpótí onígi nìkan ló kù níbẹ̀. Ariwo sọ, àga ń dún, àwọn ọlọ́pàá méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fà á lápá, wọn ò lè gbé e. Adájọ́ ti nàró.

"Ìyá," ni ògbufọ̀ wí, "adájọ́ ń béèrè bóyá àìsàn kan wà lára ọmọ yín tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó dákú, wọ́n fẹ́ pe dókítà."

Ẹnìkan yí ojú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán sísàlẹ̀, Ràṣídátù sì rí i. Sherif na gbọọrọ lórí ilẹ̀ kọ́ọ̀tù àwọn èèyàn náà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó kọjú sí ibi tí àwòrán ìyá rẹ̀ wà.

"Ẹ má pe dókítà," ló wí. "Kò dákú. Ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ó ń kí ìyá rẹ̀."

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ọlọ́pàá fi í sílẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Adájọ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó jọ pé ó ní kó dìde. Sherif kò dìde. Wọ́n tún un sọ fún un, kò mira. Gbogbo wọn ń dúró, wọn kò sì mọ ohun tí àwọn ń dúró dè.

Ràṣídátù mọ̀ ọ́n. Ó sún àga rẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ náà.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," ló wí. "Dìde."

Sherif dìde.